Ẹni Tó Jẹ Ọ̀nà Ayọ̀bọ̀

Kò tíì sí ẹni tí wọ́n bí sí Ìgàndó, àti àwọn tí wọn ò tíì bí gan-an, tó mọ mọ́tò wà tó Múdàṣírù. Ẹ má sì rẹ́rìn-ín o: mọ́tò akólẹ̀ ló ń wà. Gàgàrà ńlá tó ń kó ìdọ̀tí Gowon Estate àti Ẹ̀gbẹ́dá lọ dà sí ààtàn Solous. Tó bá ti tẹ iná mọ́ ọn báyìí, àwọn ẹyẹ orí wáyà á sọ̀kalẹ̀, wọ́n á máa fẹsẹ̀ rìn, torí wọ́n mọ̀ pé òkè ò gba àwọn àti òun pọ̀. Ó gba kọ́nà kan n'Íkọ́tùn lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ẹrù tó ga ju ilé alájà kan lọ, táyà ọ̀tún wà nínú afẹ́fẹ́, nylon kan ṣoṣo ò jábọ́. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi nylon.

Ṣùgbọ́n òórùn ń bẹ níbẹ̀. Tó bá wọ mọ́ṣáláṣí, àwọn tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ á rọra sún. Olútóyìn ìyàwó ẹ̀ á fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ ẹ́, á fi ọṣẹ olóòórùn dídùn tún un ṣe, á tún fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á lára, síbẹ̀ bàbá Olútóyìn ò pè é ní nǹkan míì ju Ọkọ Ààtàn lọ. Lójú gbogbo ẹbí ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń sọ ọmọ Múdàṣírù lórúkọ gan-an, Ọkọ Ààtàn ni wọ́n ní kó wá fọwọ́ kan omi. Ọ̀rọ̀ yẹn ń jẹ ẹ́ nínú bí ikán. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá bó ṣe máa bọ́ sínú mọ́tò míì, ibi tó bá sì dé, wọ́n á kọ́kọ́ fimú fínfín, wọ́n á wá ní àwọn máa pè é.

Ìgbà yẹn ni Olóyè Ọlátúnbọ̀sún, baba tó ń ta táyà láti Ìpájà títí dé ìlú tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ ẹ̀, kéde pé òun fẹ́ dá ẹgbẹ́ eré ìje mọ́tò sílẹ̀. Mọ́tò ti dé, ó pupa bí ata ṣọ̀ǹbọ̀, ó sún mọ́lẹ̀ débi pé èèrà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó gba abẹ́ ẹ̀ kọjá. Awakọ̀ ló kù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán àwọn èèyàn wò lójú ọ̀nà tuntun inú ẹ́sítéètì kan l'Áyọ̀bọ̀, níbi tí ilé ò tíì pọ̀. Àwọn tó wá tó ìdajì Alímọ̀ṣọ́. Wọ́n ń já wọn, wọ́n ń já wọn, títí ó fi ku mẹ́ta. Múdàṣírù nìyẹn. Báyọ̀dé nìyẹn, ọmọ Gowon Estate tó máa ń wa mọ́tò iwájú fún olóṣèlú kan, tó ń wọ jígí dúdú wọ ilé ìgbẹ́. Ẹnì kẹta ni Aasiyah, obìnrin kan tó ń fi bọ́ọ̀sì kó ọmọ ilé-ìwé, tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì ò kà sí. Àga kan ṣoṣo ló wà. Sátidé ni wọ́n máa mọ ẹni tó máa jókòó sí i.

Lọ́jọ́ tí Múdàṣírù sáré tiẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ọwọ́ lásán ló fi sá a. Ó gba àwọn kọ́nà yẹn bí ìgbà tí èèyàn bá ń fọwọ́ pa ológbò lẹ́yìn. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ń retí kí wọ́n gbé òun sọ́rùn. Olóyè kàn yọ jígí ojú ẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀, kò sọ nǹkan kan. Ìgbà tí Báyọ̀dé wá dé, tí kò tiẹ̀ sáré tó bẹ́ẹ̀, Olóyè gbá a lẹ́yìn, àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín. Inú Múdàṣírù bà jẹ́. Ó ní wọ́n ti mú Báyọ̀dé tán, gbogbo èyí tó kù, epo ni wọ́n kàn ń fi ṣòfò.

Ó padà sídìí mọ́tò akólẹ̀. Aláàmù kan ti kú sórí àga ẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sójú ibi tó máa jókòó sí gan-an, ojú ẹ̀ kọ sí sítíárìn. Múdàṣírù fi páálí gbé e sọnù. Ṣùgbọ́n bó ṣe gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé iná, ẹsẹ̀ yẹn tutù. Ó tutù bí ẹja inú fíríìjì, nínú oòrùn tó ń dín èèyàn bí àkàrà.

*

Ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀ ná. Báyọ̀dé náà ò sùn.

Ohun tí Báyọ̀dé rí lọ́jọ́ yẹn, Múdàṣírù ò rí i. Ó rí i pé Olóyè yọ jígí nítorí Múdàṣírù. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá àwọn ńlá rìn, ó sì mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá ń gbá lẹ́yìn, tí wọ́n ń bá rẹ́rìn-ín, wọ́n fẹ́ kó máa lọ sílé ẹ̀ ni. Ẹni tí wọ́n bá dákẹ́ fún ni ẹ̀rù ẹ̀ ń bà wọ́n.

Ọkùnrin kan wà l'Ẹ̀gbẹ́dá tó ń tún bàtà ṣe. Ẹ lè gbé bàtà fún un lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ ò ní rí ojú ẹ̀, torí kì í gbé orí sókè. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé kì í ṣe bàtà nìkan ló ń fi awọ rán. Báyọ̀dé jókòó tì í, ó bọ́ jígí dúdú fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ìyá ẹ̀ ti bí i, ó rọra ṣàlàyé pé òun ò fẹ́ kí awakọ̀ kan kọjá òun. Ọkùnrin náà ń gún abẹ́rẹ́ lọ. Ó ní kó lọ kó erùpẹ̀ ibi tí ẹsẹ̀ ẹni náà bá ti tẹ̀ wá.

Wàhálà dé. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni Báyọ̀dé ń tẹ̀lé Múdàṣírù kiri, Múdàṣírù ò kúrò lórí mọ́tò. Tó bá sì bọ́ sílẹ̀, orí kọnkéré ló ń tẹ̀, tàbí orí ìdọ̀tí. Báyọ̀dé dúró lẹ́bàá ọ̀nà Solous, eruku ń bò ó, eṣinṣin ń kí i, ó wá rò ó bí awakọ̀ ṣe máa rò ó. Ó ní kí ni ẹsẹ̀ awakọ̀ bí kò ṣe táyà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi nylon bu erùpẹ̀ ojú ipa táyà mọ́tò akólẹ̀.

Ọkùnrin oníbàtà gbọ́ òórùn nylon yẹn, ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

“Ẹsẹ̀ ẹ̀ nìyí?”

“Ẹsẹ̀ ẹ̀ ni, bàbá.”

Ó dà á sínú awọ, ó fi òwú dúdú rán an, ó ń sọ nǹkan sí i lábẹ́ ètè, gbogbo ajá tó wà ládùúgbò sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń lọ, kò sí èyí tó gbó. Ó ní kí Báyọ̀dé gbé e kọ́ sẹ́yìn géètì ilé ara ẹ̀.

“Ẹlẹ́sẹ̀ yìí máa dúró síwájú ẹ,” ló wí. “Kò ní lè kọjá ẹ.”

*

Múdàṣírù gbà pé àmì burúkú ni aláàmù àti ẹsẹ̀ tútù yẹn; ọ̀sán gangan ló lọ wá oògùn sọ́dọ̀ Bàbá Raheem.

Bàbá yìí ń ṣọ́ ilé tí wọn ò kọ́ parí l'Áyọ̀bọ̀, kò jìnnà sí ẹ́sítéètì tí wọ́n ti ń sáré yẹn. Nígbà tó ṣì lágbára, tírélà ló ń wà. Àwọn awakọ̀ àgbà ní ó máa ń mu kókó àárọ̀ ní Kánò, kó sì tún bá wọn jẹ ẹ̀bà ọ̀sán l'Ágége, iná ẹ́ńjìnì ò sì tíì gbóná. Wọ́n tún ní ọjọ́ kan ṣàdédé dé, ó gbé kọ́kọ́rọ́ tírélà sílẹ̀, kò wa nǹkan kan mọ́, kẹ̀kẹ́ pàápàá.

Múdàṣírù kan géètì, ó wọlé, ó kí i. Bàbá wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ní kó jókòó, òun ń bọ̀. Ọgbà yẹn ò ju ibi tí ẹni tó ní kátá lè tu itọ́ dé. Múdàṣírù jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Ó mu omi inú ọ̀rá tán. Ó jẹ ẹ̀pà sísè tán, ó ka èèpo ẹ̀. Ó pe Olútóyìn, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n jà, wọ́n parí ẹ̀. Ó gbójú sókè, bàbá ṣì ń bọ̀.

Ó rò pé ogbó ni. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín nínú, ó ní ṣé èyí náà ló ń ti Kánò dé l'ọ́sàn-án? Ìgbà tó wá wò ó dáadáa ni ẹ̀rín yẹn kú sí i lọ́fun. Bàbá ò rọra rìn rárá. Ó ń yan, òógùn bo ojú ẹ̀, bàtà ẹ̀ ń dún pà pà pà. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ń yá. Ilẹ̀ ni ò tán.

Nígbà tó fi máa dé, òjìji ti kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ó mí, ó jókòó, ó nu òógùn ojú ẹ̀. Múdàṣírù ro ẹjọ́ ẹ̀ fún un, gbogbo ẹ̀, títí kan Ọkọ Ààtàn. Bàbá bi í bóyá ó mọ ohun tó ń bèèrè.

“Bàbá, tí wọ́n bá pe Báyọ̀dé l'ọ́jọ́ Sátidé dípò tèmi, ẹ máa bọ̀ wá sìnkú mi.”

Bàbá ní kánàkò ni. Ó ní kò sí ọ̀nà tí kò lè ká bí ẹní. Ó fi abẹ sín gbẹ́rẹ́ sí i lọ́rùn ẹsẹ̀ méjèèjì, ó fi ẹ̀bu dúdú ra á, ó sì fún un ní oǹdè kékeré kan tí á fi sínú ìbọ̀sẹ̀. Kò gba kọ́bọ̀. Èyí tún wá ba Múdàṣírù lẹ́rù ju abẹ lọ, torí kò tíì rí olóògùn tí kò gba owó rí.

“Ohun kan ni mo fẹ́ kóo gbọ́,” bàbá wí. “Má dárúkọ ẹ̀ níbi tóo bá ti lò ó.”

Múdàṣírù bi í pé tí èèyàn bá wá dárúkọ ẹ̀ ń kọ́. Bàbá wo géètì. Ó ní ní gáráàjì kan ní Jẹ́bà, àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní irọ́ lòun ń pa, ọtí sì wà nílẹ̀. Ibẹ̀ lòun ti dárúkọ ẹ̀. Ó kàn bẹ Múdàṣírù pé tó bá ń jáde lọ, kó bá òun ti géètì, torí kí òun tó dé ibẹ̀, wọ́n á ti kírun alásárì.

*

Jímọ̀ọ̀, ìyẹn ọjọ́ tó ṣáájú ìdíje, Múdàṣírù ń kó ìdọ̀tí Gowon Estate lọ jẹ́jẹ́. Ẹ̀yìn mọ́tò ti kún, ó ń ṣomi. Ó dé iwájú géètì kan báyìí, mọ́tò dúró.

Kì í ṣe pé ó kú o. Ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, ó ń hó bí ìkòkò ẹ̀wà. Jíà wọlé. Táyà ni ò yí. Múdàṣírù tẹ iná títí èéfín fi bo àdúgbò, mọ́tò ò mì. Ó bọ́ sílẹ̀, ó gbá a nípàá, ó bẹ̀ ẹ́, ó bú u, ó tún padà bẹ̀ ẹ́. Wọ́n pe mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì wọ abẹ́ ẹ̀ lọ, ó jáde, ojú ẹ̀ yí padà, ó ní kò sí ohun tó ṣe mọ́tò yìí, ó kó irinṣẹ́ ẹ̀, ó ní òun ní ìpàdé. Wọ́n mú mọ́tò ńlá kan wá láti wọ́ ọ, okùn irin já, ó fò lu ọ̀pá iná. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ẹ̀yìn mọ́tò ti fara ti géètì yẹn pátápátá, omi ìdọ̀tí ń ṣàn wọlé.

Ọ̀gá ẹ̀ pè é lórí fóònù, ó ní kó máa lọ ilé, tí mọ́tò yẹn ò bá kúrò níbẹ̀, kó má padà wá síṣẹ́ mọ́. Múdàṣírù jókòó sórí kọ́bà, orí ẹ̀ ń gbóná. Iṣẹ́ tí kò fẹ́ gan-an ló tún fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ yìí. Ó wo géètì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé ilé Báyọ̀dé ni.

Inú ilé, Báyọ̀dé ń yọjú lójú wíńdò, ó ti fi aṣọ di imú. Inú ẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Nígbà tó yá ló rántí pé ìta ni géètì òun ń ṣí sí. Mọ́tò ẹ̀ wà nínú ọgbà, Sátidé sì ti ku ọ̀la. Ó lọ bá oǹdè tó kọ́ sẹ́yìn géètì, ó fà á, kò bọ́. Ó fi ọ̀bẹ gé òwú dúdú yẹn, ọ̀bẹ ni eyín ẹ̀ ká. Ó fo ògiri ẹ̀yìn, ó sáré dé Ẹ̀gbẹ́dá, ó wólẹ̀ síwájú ọkùnrin oníbàtà.

Ọkùnrin náà gbé orí sókè lọ́jọ́ yẹn. Báyọ̀dé ní ojú tó sàn kí èèyàn má rí ni.

“Ẹsẹ̀ ta lo kó fún mi?”

Báyọ̀dé ní ẹsẹ̀ mọ́tò ẹ̀ ni, pé awakọ̀ ni, kò kúrò nínú mọ́tò.

“Mo ní ẹlẹ́sẹ̀ máa dúró síwájú ẹ. Ó ti dúró. Kí lo tún wá ṣe níbí?”

Ó padà sídìí bàtà tó ń rán.

*

Sátidé mọ́. Oòrùn ń mú bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Olóyè jókòó lábẹ́ agbòjò ńlá. Richard, ẹnjiníà ẹgbẹ́ eré ìje náà, gbé láptọ́ọ̀pù sórí tábìlì. Ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú mọ́tò pupa yẹn tó ń sọ fún láptọ́ọ̀pù gbogbo ibi tí táyà bá tẹ̀, kọ́nà kọ̀ọ̀kan sì ní ẹni tó di àsíá mú níbẹ̀, tó ń wò ó bóyá mọ́tò kọjá.

Wọ́n wá Báyọ̀dé tì. Olóyè ní kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ.

Aasiyah ló kọ́kọ́ lọ. Ó ti híjáàbù ẹ̀ sábẹ́ akoto, ó ṣe bísímílà, ó lọ. Kò ṣe àṣehàn kankan. Ó wa mọ́tò yẹn bí ìgbà tí ọmọ tó ń sùn wà lẹ́yìn, ó gba gbogbo kọ́nà kúnná, ó dé. Múdàṣírù rẹ́rìn-ín lábẹ́ imú. Ó bọ́ sínú mọ́tò, oǹdè ń ta á lọ́rùn ẹsẹ̀ bí ìjàlọ.

Richard ju àsíá sílẹ̀. Múdàṣírù tẹ iná, ó sọ ọ́ sínú pé, “Ìwọ ọ̀nà, ká bí ẹní.”

Ọ̀nà ká.

Ó rí i pẹ̀lú ojú ara ẹ̀. Kọ́nà tó wà lọ́hùn-ún sún mọ́ ọn bí aṣọ tí wọ́n fà lórí okùn, àwọn òpó ilé tí wọn ò kọ́ parí tẹ̀ síra wọn, ẹni tó di àsíá mú kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ní pẹlẹbẹ bí àwòrán. Kí ó tó ṣẹ́jú, ó ti padà síwájú Richard, eruku tó tú nígbà tó ń lọ ò tíì dìde. Kò yí sítíárìn lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì ń yún un, bí ọwọ́ ẹni tí wọ́n gba àbọ́ oúnjẹ lọ́wọ́ ẹ̀ kí ó tó bu òkèlè.

Ó bọ́ akoto, ó ń retí ariwo. Richard tẹjú mọ́ ọn.

“Kí ló dé tóo padà? Ṣé mọ́tò ní nǹkan ni?”

“Mo ti dé.”

“Láti ibo?”

Richard pe àwọn oníàsíá lórí fóònù níkọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ní àwọn ṣì ń retí ẹ̀, ṣé kò tíì gbéra ni? Ó wo láptọ́ọ̀pù, ó ní mọ́tò yìí kúrò lójú ìlà, ó sì padà sójú ìlà, kò sí ọ̀nà kankan láàárín. Ó ní Múdàṣírù ti gba ọ̀nà àbùjá. Múdàṣírù ní òun ò gba àbùjá kankan, ọ̀nà yẹn lòun tọ̀. Olóyè ní kó tún un sá.

Ó tún un sá. Ó tún ká. Wọ́n ní kó tún un sá, ó ní òun á rọra ṣe é lọ́tẹ̀ yìí, ó fi jíà kìíní sí i bí ẹni tó ń gbé òkú lọ ìtẹ́. Kò ju bí ó ṣe yọ ẹsẹ̀ nínú bíréèkì lọ, ó ti padà síwájú Richard. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, òun fẹ́ tọ̀. Ó lọ sẹ́yìn igbó, ó fa oǹdè yẹn já, ó sọ ọ́ nù, ó padà wá. Ó tún ká. Gbẹ́rẹ́ ò ṣe é bọ́, ó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ọkùnrin tó máa ń fi mọ́tò akólẹ̀ jó ní kọ́nà Ìkọ́tùn ò lè wa mọ́tò kọjá ibi tí agbòjò Olóyè dé.

Ìgbà yẹn ni Báyọ̀dé dé. Ẹsẹ̀ ló fi rìn, torí ó fo ògiri ó já sínú ìdọ̀tí, kò sì sí màrúwá tó gbà láti gbé e. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà léjìká ẹ̀. Gbogbo èèyàn sún sẹ́yìn. Olóyè ní ó ti pẹ́ jù, kó jọ̀ọ́ kó dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Ṣùgbọ́n Báyọ̀dé ti rí bí Múdàṣírù ṣe ń lọ tí ó ń bọ̀ lójú kan, inú burúkú sì wà nínú ẹ̀.

“Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, Olóyè,” ló wí. “Ọkọ Ààtàn ò lè wa mọ́tò tí kò rùn.”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Báyọ̀dé, tó ń rùn ju gbogbo Solous lọ, ló ń bú u lóòórùn, wọ́n sì ń bá a rẹ́rìn-ín. Nǹkan kan já nínú Múdàṣírù.

“Mo wà á. Mo dé kí ẹ tó ṣẹ́jú. Kánàkò ni mo lò.”

Ẹ̀rín yẹn wá bú jáde, Richard fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Olóyè nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Ó yọ jígí ojú ẹ̀, ó nù ún.

“Mo gbà ẹ́ gbọ́,” ó wí. “Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìwọ ò wa ọ̀nà yẹn. O jẹ ẹ́ ni. Ẹni tó máa wà á ni mò ń wá.”

Ó ní kí Richard ṣí búùtù òun. Aṣọ eré ìje pupa kan jáde, wọ́n ti fi òwú funfun rán orúkọ sí àyà ẹ̀. Múdàṣírù ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kì í mọ orúkọ ara ẹ̀. Olóyè ní láti ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn ni òun ti gbé e fún télọ̀. Ó ní tòní kàn wà kó lè yé gbogbo èèyàn ni.

Wọ́n gbé aṣọ fún Aasiyah. Ó dúpẹ́, ó jókòó sórí táyà kan, ó yọ abẹ kékeré, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú òwú orúkọ Múdàṣírù, ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, kí aṣọ má baà ya.

*

Múdàṣírù wọ màrúwá, ó ní Ìgàndó. Kò fẹ́ wo ẹnikẹ́ni. Ọmọ màrúwá ń sáré dáadáa, atẹ́gùn ń fẹ́. Wọ́n kọjá ìsọ̀ kékeré aláwọ̀ òféèfé kan tí wọ́n ti ń ṣáájì fóònù. Nígbà tó yá, wọ́n tún kọjá ìsọ̀ kékeré aláwọ̀ òféèfé kan. Ọmọ màrúwá fẹ̀yìn wò ó nínú dígí. Ìgbà tí wọ́n tún rí ìsọ̀ yẹn, tí obìnrin inú ẹ̀ náà ti dìde dúró tó ń wò wọ́n, epo tán. Epo tó máa gbé èèyàn dé Ìkọ́tùn, kó tún gbé e padà. Ọmọ náà ò gba owó. Ó bẹ̀ ẹ́ lórúkọ Ọlọ́run pé kó sọ̀kalẹ̀.

Ó fẹsẹ̀ rìn. Oríta tí èèyàn ti ń yà sí Ìpájà wà níwájú ẹ̀, ó ń rí àwọn ọlọ́kadà tó tò síbẹ̀, ó ń rí àwọ̀ fìlà wọn. Ó rìn títí bàtà ẹ̀ fi ń gbóná. Oríta wà níwájú ẹ̀. Olútóyìn pè. Ó ní bàbá òun ti dé láti gbọ́ bó ṣe lọ, ó wà ní pálọ̀, ó ń bèèrè ibi tí Ọkọ Ààtàn wà.

“Sọ fún wọn pé mo ti sún mọ́lé,” Múdàṣírù wí.

Ó ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì tẹ́lẹ̀.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tó rí ẹnì kan tó ń rìn lẹ́bàá ọ̀nà, kẹ́tù àlùwàlá lọ́wọ́ ẹ̀. Bàbá Raheem ni. Láti àárọ̀ ló ti jáde nílé, ó fẹ́ lọ kírun ọ̀sán ní mọ́ṣáláṣí tó kọjú sí géètì ẹ̀. Ó wo Múdàṣírù láti òkè dé ilẹ̀, ó wo bí òógùn ṣe bò ó, ó wo bàtà ẹ̀.

“O dárúkọ ẹ̀.”

“Mo dárúkọ ẹ̀, bàbá.”

Bàbá ò bá a wí. Ó kàn na kẹ́tù sí i.

“Bá mi gbé e. Ọwọ́ ti ń ro mí.”

Múdàṣírù gbà á. Mọ́ṣáláṣí yẹn wà lódìkejì títì, kò ju kí èèyàn na ọwọ́ lọ. Wọ́n ń rí bàtà àwọn tó ti wọlé, wọ́n tò ó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń gbọ́ bí lèmọ́mù ṣe ń ṣí ìrun mọ̀ǹgàríbà. Àwọn méjèèjì bọ́ sójú títì, wọ́n mú ìrìn. Ẹsẹ̀ wọn ń yá. Ilẹ̀ ni ò tán.